Láti Ṣọ̀pọ̀nná dé Àpólò: Ìtàn Orúkọ Àrùn Ojú ní Nàìjíríà àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn àwọn àrùn ojú tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà nípa títẹ̀lé orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Mẹ́rin ni a mú: ìfọ́jú tí ṣọ̀pọ̀nná ń fà, ìfọ́jú etídò tí ara yíyún ń ṣíwájú rẹ̀, ojú pípọ́n tí à ń pè ní Àpólò láti ọdún 1969, àti glaucoma tí kò ní orúkọ tó gbajúmọ̀ láàárín àwa Yorùbá. A rí i pé orúkọ tí àrùn ń jẹ́ máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti tètè dá a mọ̀, ó sì tún lè dí i lójú. A wá tọ́ka sí àwọn àmì tí olùkọ́ lè rí nínú kíláàsì, àwọn ohun tó ń fa ewu, àti àwọn àìsàn mìíràn tó ń bá ojú jà. A dábàá pé kí ẹ̀kọ́ nípa dídá àrùn ojú mọ̀ wọ inú ìgbáradì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE kí wọ́n tó jáde lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọba ara. Òwe yìí wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń ṣọ́ ọba náà bó ti yẹ. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bá dé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ìbáà jẹ́ ní Gwagwalada, ní Kubwa tàbí ní Òṣogbo, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: Àpólò. Wọ́n á ní kí ó máa lọ sílé, wọ́n á sì kìlọ̀ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má wo ojú rẹ̀ kí ó má baà ràn wọ́n. Bí ojú náà bá jẹ́ Àpólò lóòótọ́, ọmọ náà á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ara rẹ̀ á sì ti yá. Bí kò bá jẹ́ Àpólò ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló bí iṣẹ́ tí a gbé wá sí àpérò yìí.

Orúkọ a máa ro ọmọ. A fẹ́ fi hàn pé orúkọ a máa ro àrùn pẹ̀lú. Àrùn tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ, àrùn tí orúkọ rẹ̀ kò kan ojú rárá, àrùn tí orúkọ rẹ̀ gba gbogbo ojú pípọ́n mọ́ra, àti àrùn tí kò lórúkọ: ọ̀nà mẹ́rin ni wọ̀nyí tí ojú ti gbà bàjẹ́ lójú àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wò ó. A ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣọ̀pọ̀nná: àrùn tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ṣọ̀pọ̀nná lè gbé àpá rẹ̀ lójú títí di ọjọ́ ikú. Kì í ṣe àpá ara nìkan. Bí egbò rẹ̀ bá bọ́ sórí awọ dídán tó bo dúdú ojú, ibẹ̀ á di funfun, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sọ̀rọ̀ lórí bí àrùn náà ṣe ń fọ́ ojú, nígbà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀? Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde. Òrìṣà ló ni ín, òrìṣà ló sì ń mú ojú lọ. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, ọ̀kan lára àwọn oníṣègùn Yorùbá àkọ́kọ́ tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùbọ kí ó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀. Ohun tó rí ràn án lọ́wọ́ nínú ìpolongo rẹ̀ fún àjẹsára.

Ní ọdún 1967, ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 20 orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà láti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lé ṣọ̀pọ̀nná lọ, kí wọ́n sì dín measles kù. Nàìjíríà ni a ti rí àwọn ẹni ìkẹyìn tó ní ṣọ̀pọ̀nná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1970. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ láyé. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n so measles mọ́ ọn nínú ètò kan náà. Measles pẹ̀lú jẹ́ afọ́jú-ọmọ, pàápàá ọmọ tí kò rí fítámínì A tó nínú oúnjẹ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ojú rẹ̀ á gbẹ, kò ní dán mọ́, lẹ́yìn náà awọ dídán náà lè rọ̀ kí ó sì lu. Epo pupa, ẹ̀fọ́, màngòrò àti ẹ̀dọ̀ ẹran wà lára oúnjẹ tó ń fún ara ní fítámínì yìí tàbí ohun tí ara fi ń ṣe é. Nítorí náà, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ measles, tó sì ń táràrà ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ọmọ tó ń ṣeré. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó wà.

Ìfọ́jú etídò: orúkọ tí kò kan ojú

Àwọn aṣojú tó wá sí Abuja lè má mọ̀ pé orúkọ ìlú yìí ti ṣí nípò. Ní ọdún 1976 tí ìjọba àpapọ̀ dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀, wọ́n gba orúkọ Abuja lọ́wọ́ ìlú tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ìlú náà sì di Suleja. Nínú ilẹ̀ Abuja àtijọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò ti da DDT sí odò ní àwọn ọdún 1950, láti pa ìdin amùkúrù. Ọ̀kan lára wọn, R. W. Crosskey, kọ nípa iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń bá amùkúrù jà? Eṣinṣin dúdú kékeré yìí máa ń yé ẹyin sí ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta. Bó bá jẹ ènìyàn, ó lè gbin aràn sí i lára. Aràn náà á dàgbà sábẹ́ awọ, yóò sì máa bí àìmọye ọmọ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ọmọ aràn yìí ló ń fa ara yíyún, wọ́n sì ń rìn dé inú ojú. Nígbà tí wọ́n bá kú síbẹ̀, ojú á wú, á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àmì tó ń ṣíwájú ìfọ́jú nìyí: ara tó ń yún tọ̀sán tòru, kókó abẹ́ awọ ní ìbàdí tàbí ní ìhà, àti àwọ̀ ojúgun tó ṣí lójú-lójú bí awọ ẹkùn. Ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù ni àgbẹ̀, apẹja, apọnmi, àti ọmọ tó ń tẹ̀lé òbí rẹ̀ lọ sí oko etídò.

Àwọn baba wa mọ ara yíyún yìí dáadáa. Ìnárun ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n ìnárun, àrùn awọ ara ni lójú wọn. Ìfọ́jú tó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ ni wọ́n kà á sí: ọjọ́ ogbó, tàbí ayé. Orúkọ náà dúró sí ibi awọ, kò dé ojú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá àdín àti ọṣẹ fún ara yíyún kò mọ̀ pé ojú òun ló yẹ kí òun máa ṣọ́.

Ìtura dé ní ọdún 1987, nígbà tí ilé iṣẹ́ Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò máa fi oògùn Mectizan sílẹ̀ fún àrùn yìí, iye tí a bá fẹ́, títí di ìgbà tí a kò bá nílò rẹ̀ mọ́. Inú ohun kan tí Satoshi Ōmura rí nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Japan ni oògùn náà ti jáde. Òun àti William Campbell gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Oògùn yìí kì í pa ìyá aràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń pa, ìyá sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti máa lò ó lọ́dọọdún. Láti 1995 ni ètò kan tó kárí Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti fi iṣẹ́ pípín in lé àwọn ará abúlé fúnra wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń fi igi tí a sàmì sí wọn ìdúró ènìyàn kí wọ́n tó ka iye hóró fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Niger tó múlé gbè wá di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé ó ti lé àrùn náà lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni.

Àpólò: orúkọ tó gba gbogbo ojú

Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, ojú pípọ́n kan tí irú rẹ̀ ṣàjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní Accra. Ẹni tó sùn láìní nǹkan kan á jí pẹ̀lú ojú tó wú, tó ń ṣomi, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti dà sínú funfun rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ó ń ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Àwọn oníṣègùn ojú ní Ghana, Chatterjee, Quarcoopome àti Apenteng, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1970. Ó gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá wọ Nàìjíríà, ó sì dé Éṣíà. Nígbà tó dé Japan ni àwọn onímọ̀ rí fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní enterovirus 70.

Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 1969 kan náà ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn dé inú òṣùpá. Rédíò gbé ìròyìn náà káàkiri. Ojú ń pọ́n nílé, ènìyàn ń rìn nínú òṣùpá lókè. Àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀. Àwọn kan ní eruku òṣùpá ló ń já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ méjèèjì: oṣù kẹfà ni ojú ti ń pọ́n ní Accra, oṣù keje ni ọkọ̀ gbéra. Àrùn ti wà nílé kí orúkọ tó dé bá a. Síbẹ̀, orúkọ náà dúró, ní Nàìjíríà, ní Ghana, ní Togo àti ní Benin, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ dòní.

Kò sí ohun tó burú nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ìwé ìtàn tí àwọn tí kò kọ̀wé kọ. Ohun tó burú ni pé ó ti tóbi ju àrùn tó ni ín lọ. Àpólò gan-an kì í sábàá ba ìríran jẹ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan kí ó tó mú èkejì, ojú á máa ta bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, ipin á máa jáde, ṣùgbọ́n ẹni náà ṣì ń ríran. Wíwo ojú kì í ràn án. Ọwọ́ ló ń gbé e, àti táwẹ́lì, ìrọ̀rí àti áńkáṣíìfù tí à ń jọ lò. Ọṣẹ àti omi ni ààbò rẹ̀.

Àwọn àrùn tó ń sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ojú tó ń yún ọmọ lọ́dọọdún, tó ń fi ọwọ́ ra á títí funfun rẹ̀ fi ń ṣe bí àwọ̀ ilẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ sábàá ní ikọ́ efée tàbí awọ ara tó ń yún pẹ̀lú. Èyí kì í ràn, lílé ọmọ náà nílé ẹ̀kọ́ kò sì ní ìtumọ̀. Ewu ibẹ̀ ni oògùn tó ní steroid, èyí tí àwọn òbí ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ó máa ń tu ojú lára kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá ń kán an fún ìgbà pípẹ́, ó lè fa glaucoma tàbí katarátì. Èkejì ni egbò orí dúdú ojú, lẹ́yìn tí ewé ọ̀pẹ, igi tàbí èèpo ọkà bá gún ọmọ lójú. Ojú kan ló máa ń jẹ́. Ó máa ń dùn ún gan-an, kò ní lè wo ìmọ́lẹ̀, àmì funfun kan á sì yọ. Ẹ̀kẹta ni ojú ìkókó tó wú tó sì ń ṣọyún láàárín oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i. Bí àtọ̀sí ìyá ló fà á, ọjọ́ díẹ̀ tó láti fọ́ ojú náà.

Ẹ̀yìn èyí ni ti àwọn ohun tí à ń dà sójú: ìtọ̀, omi ọyàn, omi ṣúgà, kẹrosíìnì pàápàá. Bí ó bá jẹ́ Àpólò ni, ojú náà ì bá san fúnra rẹ̀, a ó sì máa yin ìtọ̀. Bí ó bá jẹ́ egbò ni, ìtọ̀ yẹn á gbé kòkòrò kún un. Báyìí ni orúkọ kan ṣe ń fi ìyìn fún oògùn tí kò ṣiṣẹ́.

Glaucoma: àrùn tí kò lórúkọ

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí jákèjádò Nàìjíríà lórí ìfọ́jú. Wọ́n yẹ ojú ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní mẹ́rin tó fọ́jú. Katarátì ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú náà, glaucoma sì tẹ̀lé e pẹ̀lú bí ìdá 16. Ìdá 84 ni ó jẹ́ èyí tí a lè dènà tàbí tí a lè wò sàn.

Katarátì, gbogbo ènìyàn ló ń rí i: ẹyinjú àgbà á máa funfun, iṣẹ́ abẹ sì lè dá ìríran padà. Síbẹ̀, ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú àwọn ojú tí wọ́n ti ṣe katarátì fún, ó lé ní ìdá 40 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ti lẹ́ńsì ojú wọnú. Ọ̀pọ̀ irú ojú bẹ́ẹ̀ ló padà fọ́.

Glaucoma kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í pọ́n, kì í dunni, kì í funfun. Ẹ̀gbẹ́ ìríran ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, nítorí ó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ẹni náà á máa fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, á máa kọsẹ̀ lára ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó bá fura, èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Èyí tó kù nìkan ni oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bò. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún àwa ènìyàn dúdú, fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, àti jù lọ fún ẹni tí òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní i. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ìdílé tí àwọn àgbà rẹ̀ ń fọ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èpè ni. Níbi tí a kò ti lórúkọ àrùn, a máa ń lórúkọ ọ̀tá.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Àtọ̀gbẹ máa ń ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́, ó sì ń yára mú katarátì wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ojú jẹ́. Fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe bákan náà, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró kí ojú ṣú kí ó tó lọ fún àyẹ̀wò.

Olùkọ́ nínú ìtàn yìí

Bí a bá wo ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, a ó rí i pé a ti ṣe iṣẹ́ takuntakun fún àwọn tí ojú wọn ti fọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Gindiri bẹ̀rẹ̀ ní 1953, Pacelli ní Sùúrùlérè ní 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí, ní 1977. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ojú ti lọ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ ojú tó ṣì wà? Olùkọ́ kíláàsì ló ń rí ojú ọmọ ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ju dókítà lọ, ju ọ̀pọ̀ òbí lọ.

Ọmọ tó ń sún mọ́ pátákó, tó ń fún ojú pọ̀, tó ń dà kọ nínú ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí orí ń fọ́ lẹ́yìn ìwé kíkà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé jígí ojú nìkan ni ó nílò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń pè ní olódo. Orúkọ karùn-ún nìyẹn, òun ló sì burú jù, nítorí àwa olùkọ́ ni a fún un.

Ìkádìí àti Àbá

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọn àrùn ojú tí a ti ṣẹ́gun tàbí tí a ń ṣẹ́gun lọ ni àwọn tí a ya orúkọ wọn kúrò lára ohun mìíràn, tí a mọ àmì wọn, tí àwọn ará ìlú sì lọ́wọ́ sí i. Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, a kò sì ní kí ó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ojú tó lè dúró àti ojú tí kò gbọdọ̀ dúró. A wá dábàá báyìí pé:

1. Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àmì mẹ́rin tí kì í ṣe ti Àpólò lásán, kí ó tó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni: ojú tó ń dun ọmọ gan-an, ìríran tó dín kù, àmì funfun lórí dúdú ojú, àti ojú tí kò lè gba ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

2. Kí ó mọ̀ pé ọmọlójú tó ń dán funfun lójú ọmọdé lè jẹ́ katarátì tàbí jẹjẹrẹ. Èyí kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì.

3. Bí kẹ́míkà bá ta sí ọmọ lójú, kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣan án fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó gbé e lọ.

4. Kí olùkọ́ fi pátákó lẹ́tà E yẹ ojú gbogbo ọmọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, láti ibi tó jìnnà ní mítà mẹ́fà, ojú kan lẹ́yìn èkejì.

5. Kí ẹ̀ka èdè Yorùbá, Hausa àti Igbo jọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ojú láti wá orúkọ tí ará ìlú lè lò fún glaucoma. A dábàá "jalè-ìríran" fún ti Yorùbá, nítorí pé bí olè ló ṣe ń wọlé, láìpariwo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

6. Kí gbogbo olùkọ́ni tó ti pé ogójì ọdún, àwa náà pẹ̀lú, lọ fún àyẹ̀wò ojú, pàápàá bí glaucoma bá ti wà nínú ìdílé rẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè ojú kì í sábàá fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. Orúkọ tí kò bá a mu ló ń jẹ́ kí a ṣílẹ̀kùn fún un.